Akọ̀wé Tí Ò Mọ Ìkíni

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Ọ̀gá pè mí sí yàrá rẹ̀ láàárọ̀, ó ní iṣẹ́ kékeré kan wà. Mo mọ iṣẹ́ kékeré Ọ̀gá. Èyí tó fún mi kẹ́yìn, oṣù mẹ́ta ló gbà lọ́wọ́ mi, ara mi ò sì tíì balẹ̀ títí di òní.

Ohun tó fẹ́ ni pé kí n so Akọ̀wé pọ̀ mọ́ Òye. Akọ̀wé la sọ ẹ̀rọ tó máa ń jókòó sínú ìpàdé orí fóònù wa, tó ń gbọ́ ohun tí àwa àti oníbàárà ń bá ara wa sọ, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Òye ni ẹ̀rọ tuntun tí Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Yóò máa ka ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá kọ, yóò sì máa sọ fún Ọ̀gá ẹni tínú ẹ̀ dùn àti ẹni tínú ń bí: àwọ̀ ewé fún ayọ̀, pupa fún ìbínú. Ọwọ́ ènìyàn kankan ò ní sí níbẹ̀. Ọ̀gá ní òun fẹ́ mọ inú àwọn oníbàárà òun bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ etí là ń tà. Àwọn arúgbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rà á, Bàámi sì wà lára wọn. Tí Òye yìí bá lè jẹ́ kí Ọ̀gá gbọ́ ohun tó ń ṣe wọ́n, ire ni. Mo ní ẹ ṣeun sà, mo jáde. Òjò rọ̀ ní ọ̀sán, bàtà mi ò tíì gbẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Kò so. Òye ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ Akọ̀wé wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn kan tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Mo da kọ́kọ́rọ́ náà kọ fún un, Akọ̀wé ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn àfi tí Òye bá kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n ń ṣe bí àna méjì tí kálukú ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ kí òun. Mo jókòó sáàárín wọn títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni Òye. Èsì dé kíá. Wọ́n dúpẹ́ pé mo kọ̀wé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ṣe pàtàkì sí wọn. Ó parí síbẹ̀. N ò mọ̀ bóyá ènìyàn ló kọ ọ́ tàbí àbúrò Akọ̀wé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ó so! Àlàfo kan báyìí, tí ojú ò rí, ló lẹ̀ mọ́ ìdí kọ́kọ́rọ́ náà nígbà tí mo ń dà á kọ. Mo ti ń bínú sí gbogbo ayé nítorí àlàfo. Mo pa á rẹ́, gbogbo ìpàdé oṣù tó kọjá sì ya wọ inú Òye lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde, mo jó díẹ̀ lẹ́yìn àga mi.

Àǹtí Kanlẹ̀kùn rí mi, ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní ayọ̀ ni. Òun ló ń lọ bá àwọn oníbàárà nílé wọn láti tún ẹ̀rọ wọn ṣe, ó sì ti pẹ́ níbí ju gbogbo wa lọ. Kíkan ilẹ̀kùn fún àwọn tí kò lè gbọ́ ọ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní tí òun bá kàn án títí, òun á lọ sójú fèrèsé, òun á máa jó bí èmi náà ṣe ń jó yìí, kí wọ́n lè rí òun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo bá ariwo lọ́fíìsì. Òye ti pọ́n kanlẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè pé ọ̀rọ̀ ikú ti pọ̀ jù láàárín àwọn oníbàárà wa, kí a tètè gbé ìgbésẹ̀.

Kí n tó dé, Ọ̀gá ti gbé ìgbésẹ̀. Ó ti pe ilé oníbàárà kan láti bá wọn kẹ́dùn. Bàbá tó fẹ́ torí ẹ̀ kẹ́dùn ló gbé fóònù. Ọ̀gá ní ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ní Ọlọ́run á tù yín nínú, bàbá ní àmín, a dúpẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi gbé fóònù sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo "kú" tí àwọn àgbà fi ń kí wa ni Akọ̀wé kọ sílẹ̀, Òye sì kà á sí òkú. Ìyá arúgbó kan wà tó kí wa, tó kí ilé, tó kí ọ̀nà, tó kí àwọn ọmọ tí a ò tíì bí, kó tó sọ ohun tó fẹ́. Òye ní ìdílé rẹ̀ ti run. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Àwọn tó ni Òye ní kí n kọ́ ọ ní èdè àwọn oníbàárà wa fúnra mi, pé àyè kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń kọ òfin sí. Mo jókòó tì í bí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ní ẹ kú, ìkíni ni, ọ̀rọ̀ rere ni. Ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ rere. A dúpẹ́, ọ̀rọ̀ rere. Ó dáa, ọ̀rọ̀ rere. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rere. Mo kà á padà, ó dá mi lójú, mo ní kó máa lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àwọ̀ ewé rẹrẹ, láti òkè délẹ̀. Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa, ó sì pè mí ní Ìyàwó Kọ̀ǹpútà níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní òun ti fi Òye han àwọn tó fẹ́ bá òun da òwò pọ̀, ẹnu yà wọ́n. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ọjọ́ wo ni wọ́n ti yìn mí kẹ́yìn?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò láti òwúrọ̀. Bàámi jókòó lórí ibùsùn rẹ̀, ẹ̀rọ etí rẹ̀ ń súfèé bí kẹ́tùlù tó ń hó. Ọ̀rinrin ti tún wọ inú rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní àsìkò òjò. Òun alára ò gbọ́ súfèé náà, èmi ni mò ń gbọ́ ọ. Látìgbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa mọ́, nítorí náà à ń retí Àǹtí Kanlẹ̀kùn.

Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé kí ló jẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ síbi ìdáná, mo bá oúnjẹ rẹ̀ bí mo ṣe dé e. Ǹ bá kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò ka ìwé mọ́. Mo pariwo sí i létí pé kó jẹun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa, ìyá mi, o ṣeun. Ìyá mi ló máa ń pè mí, ó ní mo jọ ìyá òun.

Bàámi tí mo mọ̀, tó bá gbọ́ ohun tí mo wí, yóò bá mi jà sí i. Ìgbà tí kò bá gbọ́ ló máa ń dúpẹ́. Mo ń ro ìyẹn bí mo ṣe ń gbé oúnjẹ náà ka iná.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Àǹtí Kanlẹ̀kùn wá lánàá. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó nù ún gbẹ, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ń wọ inú etí, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré inú àpò rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Bàámi gbọ́ràn. Háà, a rógo! Omi ń kán níbi ìdáná, ta ló ṣí i sílẹ̀? Bàtà mi ń pariwo jù. Àwọn ará òkè ilé ń wọ́ àga kiri bí ẹni ń kó lọ. Ṣé fóònù ló bí mi ni tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí? Mo jókòó, mo ń gbádùn èébú.

Lónìí ni wọ́n pè é láti ọ́fíìsì láti béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe sí, Akọ̀wé sì wà níbẹ̀. Ó rojọ́ dáadáa. Rọ́bà tuntun ń yún òun létí. Páálí bátìrì le jù láti ṣí. Bátìrì alára ti wọ́n ju ti oṣù tó kọjá lọ, ṣé wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é? Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo wo inú Òye. Bàámi ti pọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀gá ti rí nǹkan nínú Òye. Àwọn tí Àǹtí Kanlẹ̀kùn bá lọ sílé wọn, pupa ni wọ́n. Àwọn tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọ̀ ewé ni wọ́n. Ó tan án sára ògiri kí gbogbo wa lè rí i. Ó ní ẹ ò rí i pé ìbẹ̀wò yìí ló ń ba inú àwọn oníbàárà jẹ́? Arúgbó jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀, a lọ kanlẹ̀kùn fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Kí Àǹtí fìdí mọ́lé ná, bóyá kí a kúkú fòpin sí lílọ sílé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ àtúnṣe, kó máa bọ̀ lọ́fíìsì.

Àǹtí wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo ṣí ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ ewé wọ̀nyẹn, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ ń gbọ́ dáadáa? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń dùn yín? Bẹ́ẹ̀ ni. Etí wo lẹ fi ń lò ó, ọ̀tún tàbí òsì? Bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́. Ọmọ bàbá kan tilẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó ní "ó ń súfèé láti àárọ̀." Ẹ̀rọ etí bàbá rẹ̀ ló ní lọ́kàn. Òye kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá ń súfèé láti àárọ̀, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni. Tí wọ́n bá fòpin sí ìbẹ̀wò, ta ni yóò gun àtẹ̀gùn wa wá bá Bàámi?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ọ̀gá lọ. Mo ní sà, àwọn tó gbọ́ ló ń rojọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a bi í, kí ló máa wí ju bẹ́ẹ̀ ni lọ? Ojú máa ń ti àgbà láti ní kí a tún un wí lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó ní mo ń gbèjà Àǹtí. Mo ní rárá o. Ó ní ẹ̀rọ ò lẹ́gbọ̀ọ́n, kò lábùúrò, kì í ṣègbè, ṣùgbọ́n èmi lẹ́nìkan tí mò ń ṣègbè fún. Mo ní sà, èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ náà ní ohun tó ń wí.

"O sì kọ́ ọ dáadáa," ó ní.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà láti lọ pa òfin mi rẹ́. Wọ́n ti tì í. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n tì í, kí ohun tí àwọn alábàáṣe rẹ̀ ń wò má baà yí padà. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni Òye, mo ṣàlàyé títí ọwọ́ fi ń ro mí. Wọ́n ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Wọn ò purọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. N ò mọ ẹni tí mo tún lè sọ fún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò. Bátìrì ti tún gbówó lórí. Bàámi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà

Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń fọ abọ́. Láàárọ̀ yìí mo sọ fún Ọ̀gá pé kó tó fòpin sí ìbẹ̀wò, kó pe díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà sórí ìpàdé, kó bi wọ́n léèrè lójúkojú. Mo mọ̀ pé tó bá fojú ara rẹ̀ rí i pé wọn ò gbọ́ ohun tó ń bi wọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Apá kejì yìí n ò sọ ọ́ síta.

Ó gbà kíá. Ó ní látìgbà tí òun ti mọ̀ mí, n ò tíì mú àbá tó dára tó báyìí wá. Ó ní kí n fi Bàámi kún wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe é ní kọ̀rọ̀. Mo rìn padà sídìí àga mi bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ẹ̀rọ Bàámi ti tún ń súfèé. Mo pe Àǹtí, ó ní àpò iṣẹ́ òun ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá, pé kí n má bínú. Mo fi aṣọ nù ún, mo bò ó sínú ìrẹsì tí a ò tíì sè bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń ṣe fún fóònù tó bọ́ sómi. Ìrẹsì kan wọ inú ihò rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni mo fi yọ ọ́. Kò yí nǹkan kan padà. Nínú ọkàn mi mo ní kó kúkú máa súfèé, kí Ọ̀gá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ẹtì. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

A ti ṣe é.

Ojú wọn tò sára ògiri, orí funfun, orí pípá, ẹnì kan tí àjà ilé rẹ̀ nìkan là ń rí. Bàámi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo ti bá a gbé fóònù ti ìrọ̀rí kí n tó kúrò nílé. Ọ̀gá kí wọn, wọ́n kí Ọ̀gá, ìkíni ò tán bọ̀rọ̀. Mo ń dúró de súfèé. N ò gbọ́ ẹyọ kan. Àǹtí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ní Akọ̀wé ti ń yọ gbogbo ariwo kúrò kí ohùn lè já gaara. Ó ti yọ súfèé wọn dànù.

Ọ̀gá gbẹ́nu sún mọ́ ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ sí. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ṣé ẹ gbà kí a má wá sílé yín mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n ní. Àwọn kan ní ẹ ṣeun. Bàámi wí tirẹ̀ kíkankíkan, orí rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ẹnì kan péré ló kọ̀, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ó ní òun ò gbà o, ta ni wọ́n fẹ́ kó máa bá òun tún ẹ̀rọ òun ṣe, ṣé Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni? Ó bá Ọ̀gá wí bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó rọra bi mí bóyá Àǹtí ti lọ sílé ìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí bí ẹni tó rí ohun tó ń wá.

Mo já ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kígbe pé, "Ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n bi yín, kó nawọ́ sókè!"

Kò sí ẹni tó nawọ́. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà tí mo ti wí i tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo wí.

"O rí i?" Ọ̀gá ní. "Kò sẹ́ni tí kò gbọ́."

Mo ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí Òye gbé e jáde: gbogbo wọn gbà, àfi ẹnì kan tínú ń bí. Ìbẹ̀wò ti parí. Èmi ni mo dábàá ìpàdé yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n ti fún Àǹtí Kanlẹ̀kùn ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n fún un ní fóònù. Òun ni yóò máa pe àwọn oníbàárà báyìí, kó máa bi wọ́n bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń ṣe sí. Mo ti ń retí kó bú mi. Kò bú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ó bọ́ nǹkan etí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Àbúrò, gbogbo àwọn tí mo pè lónìí, inú wọn dùn." Ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ ilé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn yọ lónìí. Mo ti ń sá fún Bàámi látọjọ́ ìpàdé. Lónìí mo wọlé tọ̀ ọ́, mo bá a tó ti wọ ẹ̀wù mímọ́, tó ti wọ́ àga kan dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, òun tí kò yẹ kó máa wọ́ nǹkankan. Mo fi ọwọ́ bi í pé ta ló ń bọ̀.

"Àǹtí yín ni," ó ní. "Ṣebí Ọ̀gá yín bi wá lọ́jọ́ yẹn bóyá a ṣì fẹ́ kí wọ́n máa wá? Mo kígbe bẹ́ẹ̀ ni, kó má baà rò pé kò wù wá. Ìwọ náà gbọ́ mi, àbí?"

Mo ní mo gbọ́ yín, Bàámi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo sọ fún un pé wọn ò ní wá mọ́. Mo tún un sọ sí i létí. Mo kígbe rẹ̀ débi pé àwọn ará òkè ilé dákẹ́. Ó ń wo ojú mi, ó ń mi orí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó dáa, ìyá mi. A dúpẹ́."

Ó ní kí n bá òun sún àga náà sẹ́yìn díẹ̀, pé oòrùn á máa ta Àǹtí lójú tó bá jókòó síbẹ̀. Mo bá a sún un.